Hutía: Eku Àwọn Lùkùmí ní Kúbà

Bí Ifá bá ní kí ẹnì kan ní Havana rú eku àti ẹja, níbo ló ti máa rí eku? Ẹja kò ṣòro, òkun ló yí ilẹ̀ náà ká. Eku ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ má sọ pé èkúté ilé, kò sẹ́ni tí í gbé èkúté ilé síwájú Ẹlẹ́gbára. Ẹmọ́ kò sí ní Kúbà, òkété kò sí níbẹ̀, ọ̀yà kò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, pàápàá ní sẹ́ńtúrì 19, nígbà tí Ọ̀yọ́ ti fọ́ tí ogun sì ti gba ilẹ̀ Yorùbá kan, bá ara wọn nínú oko ìrèké níbi tí kò ti sí ẹyọ kan nínú àwọn eku tí wọ́n mọ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n ẹranko kan wà nínú igbó ibẹ̀. Ó ń gun igi, ó ń jẹ ewé àti èso, ó ń họ èèpo igi jẹ, ó sanra, irun ara rẹ̀ sì le. Àwọn ará Kúbà ń kọ orúkọ rẹ̀ ní jutía, wọ́n ń pè é ní hutía. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n ní eku nìyí. Láti ìgbà náà títí di òní, bí àwọn Lùkùmí, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Kúbà, bá ní ekú, hutía ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á bù ú fún Ẹlẹ́gbára àti Ògún pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, àgbàdo àti epo.

"Eku méjì olùwéré, ẹja méjì abìwẹ̀gbàdà," bẹ́ẹ̀ ni Ifá ṣe máa ń kà á fún wa nílé. Ẹran tó yára lẹ́sẹ̀ ni eku tí Ifá ń wí. Hutía kì í yára. Bí ó bá ń rìn nílẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì bí ẹni tó jẹun yó tó ń wá ibi tó máa jókòó sí, àfi bí ajá bá lé e ló tó mọ fò. Ẹlẹ́gbára gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rìn jìnnà kì í fi dandan lé irú oúnjẹ tó ń jẹ nílé.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹbí ẹranko yìí ń kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan ní àwọn erékùṣù Caribbean. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tọ́ka sí pé ikú náà ti ń wá, ibẹ̀ kọ́ ló ti ń wá.

Florida ni mo ń gbé. Ní Hialeah, ìlú tó fara kan Miami, àwọn ará Kúbà pọ̀ débi pé èèyàn lè ra búrẹ́dì, kó san owó iná, kó tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, kó má sì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan òrìṣà kún ibẹ̀, botánica ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo wọ ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹfun wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi àwọ̀, àbẹ́là tò lọ títí dé àjà, ìkòkò òrìṣà wà lórí pẹpẹ bí abọ́ ìyàwó tuntun. Obì kò sí, àgbọn ni wọ́n ń dà dípò rẹ̀. Èyí náà wà lára ohun tí wọ́n fi rọ́pò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba owó, wọ́n kó àwọn ọ̀rá kéékèèké jọ sínú páálí kan. Ọ̀rá kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Pescado y jutía" ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹja àti hutía. Mo ra ọ̀kan, mo jáde síta, mo dà á sọ́wọ́ díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti èèpo igi gbígbẹ. Kò kúná délẹ̀: ègé egungun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ìpẹ́ ẹja kan ń dán, irun méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀, ó le, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Òórùn èéfín ló kọ́kọ́ kàn mí nímú, òórùn ẹja tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohun kan tí imú mi dá mọ̀ kí n tó ronú kàn án: ẹran ìgbẹ́ yíyan, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ lẹ́bàá títì ní Ọ̀rẹ́ tí awakọ̀ á rí tí á rọra tẹ bíréèkì.

Mo padà wọlé, mo bi ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù pé níbo ni hutía yìí ti wá. Ìlẹ̀kẹ̀ Yemọja wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti lé dáadáa lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó tà á fún mi ló ní hutía ni. Èmi ń bù ú fún Ẹlẹ́gbára, Ẹlẹ́gbára kò sì tíì bá mi jà."

Kí ni èèyàn fẹ́ fi fèsì ìyẹn?

Nígbà tí mo délé, mo wá fọ́tò hutía kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi ní Ṣakí. Ọdẹ ni wọ́n. Wọn kì í ṣọdẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ojú ti ń ṣe wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ẹran báyìí ló kọjá níbí, ẹ má bá wọn jiyàn. Mo pè wọ́n.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹran tí mo fi ránṣẹ́ yẹn."

"Àjọkẹ́, ṣé dáadáa lo wà? Mo ti rí i. Ọ̀yà nìyẹn."

"Rárá o, sà. Kúbà ni wọ́n ti yà á."

"Ọ̀yà Kúbà nìyẹn nígbà náà. Ṣé o ò rí imú rẹ̀ ni? Wo etí rẹ̀ bó ṣe kéré." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ wọn pé kó bá àwọn fa fọ́tò náà kó tóbi. "Ṣùgbọ́n kí ló gbé ọ̀yà dé orí igi?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Tí a bá tọ ìran àwọn ẹranko méjèèjì lọ sẹ́yìn gan-an, ẹbí ni wọ́n. Ní nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn eku kan kúrò ní Áfíríkà, wọ́n la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, wọ́n gúnlẹ̀ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Òkun náà kò tíì fẹ̀ tó bó ṣe fẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n òkun ni, kì í ṣe odò tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ là. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà jù lọ ni pé orí igi àti koríko tí odò ńlá hú gbà lọ sójú òkun ni wọ́n wà tí ìgbì fi gbé wọn dé òdìkejì. Ìran wọn pọ̀ níbẹ̀: guinea pig tí àwọn ọmọ òyìnbó ń sìn nínú ilé wà lára wọn, capybara tó tóbi jù nínú gbogbo eku ayé náà wà lára wọn. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú ìran yìí tún bọ́ sójú omi, wọ́n dé Caribbean, wọ́n di hutía. Ìran tó jókòó sílé ní Áfíríkà ló bí ọ̀yà. Ẹranko tí àwọn Lùkùmí bá nínú igbó Kúbà ti ṣe ìrìn àjò yẹn ṣáájú wọn, láìsí ẹni tó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Mo sọ èyí fún Bàbá Ṣakí. Wọ́n ní, "Mo ṣe bí mo ti sọ fún ọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹran yìí ṣe ń bímọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà rẹ̀ wà. Èkúté ilé ń lóyún fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè bí mẹ́fà, ó lè bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ìhòòhò ni wọ́n ń wá, ojú wọn á sì di pa. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ náà ti ń bímọ. Hutía ń lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ọmọ kan, méjì, bóyá mẹ́ta, ló sábà máa ń bí. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá wáyé, ojú rẹ̀ ti là, irun ti bo ara rẹ̀, ó lè rìn. Ọmọ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ni. Ẹran tó ń bímọ báyìí kò lè bá èkúté díje níbi tí oúnjẹ ò bá ti tó, kò sì lè tètè padà sí ipò rẹ̀ bí wọ́n bá pa á lápajù.

Oríṣi hutía kan kọ́ ló wà. Èyí tó tóbi jù, tó lè tó kílò méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń pè ní conga, bí ẹni pé ará Kóńgò. Èyí tó kéré sí i, tó máa ń fi ìrù di ẹ̀ka igi mú, ni carabalí, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹrú tó gba Calabar wá. Kò sí hutía lucumí. Àwọn ẹ̀yà tó kù gba orúkọ, àwa gbé tiwa fún òrìṣà jẹ.

Ẹni tó bá bá mi bọ̀ dé ibí lè ti dá ẹjọ́: àwọn olórìṣà ló ń pa hutía run. Mo mọ irú ẹjọ́ yẹn dáadáa. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú igbó tí wọn kì í ti ọwọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ sí ẹ̀sìn ìbílẹ̀, èyí tó bá ṣe é àti èyí tí kò ṣe é. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo èwo ló ń kú.

Conga ni wọ́n ń jẹ jù. Conga ló ń wọ inú ọ̀rá Hialeah, bí ohun inú ọ̀rá náà bá jẹ́ hutía lóòótọ́. Conga náà ló ṣì pọ̀ jù, kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà sí pé ó fẹ́ parun. Láti 1968 ni òfin Kúbà ti ní kí ẹnikẹ́ni má pa hutía láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń pa òfin náà mọ́, ẹ máa rántí pé ebi ní ẹjọ́ tirẹ̀ tó máa ń rò, síbẹ̀ conga wà láti ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà dé ìlà oòrùn. Ní bárékè ológun Amẹ́ríkà ní Guantánamo, níbi tí àwọn ọdẹ Kúbà kì í wọ̀, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń jẹ wáyà, wọ́n ń ba ọgbà òdòdó jẹ́, mọ́tò á tẹ̀ wọ́n lóru. "Banana rat" ni àwọn sójà ń pè wọ́n. Wọ́n ní torí pé imí rẹ̀ rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré ni, àwọn ọmọ ogun á sáà rí nǹkan sọ.

Àwọn tó ń kú ni àwọn tí òrìṣà kankan kò bá wọn jẹun rí.

Ẹ wo èyí tó kéré jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Mesocapromys nanus. Egungun rẹ̀ ni Glover Allen, onímọ̀ ẹranko ará Amẹ́ríkà, fi fún un lórúkọ ní 1917, ó jọ pé ẹran tó ti parun ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí ààyè rẹ̀ nínú irà Zapata, ní gúúsù ẹkùn Matanzas ní Kúbà. 1937 ni wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ti ń wọ irà náà, wọ́n ń wá a.

Tàbí ti Cayo Juan García, èyí tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Erékùṣù kékeré kan ni nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní San Felipe, ní gúúsù ẹkùn Pinar del Río. Hutía kan ń gbé níbẹ̀ tó jẹ́ pé Luis Varona àti Orlando Garrido ló kọ ìwé nípa rẹ̀ fún ayé ní 1970. 1978 ni ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni fojú kàn án. Ọdún mẹ́jọ péré láti ọjọ́ tí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n sọ ẹran náà lórúkọ kò tíì jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹran náà wábi gbà.

Kò sí oko ìrèké ní Cayo Juan García. Kò sí ilé òrìṣà níbẹ̀, kò sí ilé kankan tó ń ṣe àdúgbò. Ọkọ̀ ló ń yà síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ á dáná, iná náà á sì lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́ wọnú igbó. Á pa ohun tó bá rí jẹ, torí ẹran tí kò bá ọ̀tá pàdé rí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sá. Èyí tó burú jù ni pé èkúté inú ọkọ̀, eku dúdú yẹn, á bá okùn sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ọkọ̀ á padà lọ. Èkúté kò ní padà. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí hutía ń jẹ, á máa bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ hutía ṣì ń ka oṣù oyún rẹ̀.

Ní Cayo Fragoso ní àríwá, hutía mìíràn wà tí Varona náà kọ nípa rẹ̀ ní 1970, etí rẹ̀ ló fi yàtọ̀. Ní àwọn erékùṣù Ana María ní gúúsù, òmíràn wà, 1979 ni tirẹ̀. Inú igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, tí gbòǹgbò wọn ń dúró bí ẹsẹ̀ lójú omi, ni wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ lára àwọn erékùṣù bẹ́ẹ̀ kò ní ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣe é tẹ̀. Kò sí ihò àpáta, kò sí ihò ilẹ̀. Nítorí náà wọ́n máa ń kó ẹ̀ka wẹ́wẹ́ àti ewé jọ sórí gbòǹgbò, wọ́n á fi kọ́ ibùgbé tí ọ̀pọ̀ wọn jọ ń sùn. Mo ti wo fọ́tò irú ilé yẹn. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, pàǹtírí tí ìgbì omi kó jọ ni.

Gbogbo ẹ̀yà hutía yẹn ló wà lórí erékùṣù díẹ̀ tí ìjì kan ṣoṣo lè fọ̀ mọ́. Kì í ṣe àsọdùn. Lórí Little Swan, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Honduras, hutía kan wà tó jẹ́ ti ibẹ̀ nìkan. Ìjì líle jà níbẹ̀ ní 1955, àwọn èèyàn sì kó ológbò dé síbẹ̀. Ó tán.

Bí ẹ bá ní dandan ni kí n dárúkọ ọ̀daràn kan, ṣúgà ni mo máa dárúkọ. Ṣúgà ló gé igbó Kúbà lulẹ̀ tí igbó tó kù ní 1959 kò fi ju nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà lọ. Wọ́n ti gbin igi padà púpọ̀ láti ìgbà náà, ó ti lé ní ìdá 30 báyìí, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ìyẹn. Ọkọ̀ tó ń wá gbé ṣúgà ń kó èkúté wá, èkúté sì ń jẹ ìrèké. Ní 1872, olóko ìrèké kan ní Jàmáíkà kó mongoose wá láti Íńdíà kí wọ́n lè bá a pa èkúté inú oko. Erékùṣù tó kù náà ń kó tiwọn wọlé, Kúbà wà lára wọn. Mongoose pa èkúté díẹ̀, ó wá rí i pé ẹyẹ, alángbá àti àwọn ẹran tí kò mọ̀ ọ́n rí dùn ún pa ju èkúté lọ. Hutía Jàmáíkà, tí wọ́n ń pè ní coney níbẹ̀, wá di ẹran orí òkè àti inú àpáta, ajá ọdẹ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn débẹ̀.

Ṣúgà náà ló gbé àwọn Lùkùmí débẹ̀. Títí di 1886 tí oko ẹrú fi parí pátápátá ní Kúbà, àwọn tí wọ́n fi òkùnkùn gbé kúrò ní etíkun wa àti àwọn ọmọ wọn ló ń gé ìrèké yẹn. Kí wọ́n wá sọ fún mi lónìí pé ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń bù fún Ẹlẹ́gbára ló pa igbó run!

Ọbẹ̀ ló ń fẹ́ odindi ẹran, ẹbọ kò fẹ́ ju ìwọ̀nba lọ. Hutía kan tí wọ́n yan gbẹ á kún ọ̀pọ̀ ọ̀rá irú èyí tí mo rà. Àwọn Taíno tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé jẹ hutía fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n gbé irú kan sínú ọkọ̀ láti erékùṣù tí Haiti àti Dominican Republic jọ pín, wọ́n gbé e dé Puerto Rico. Egungun rẹ̀ kún ààtàn àwọn abúlé wọn àtijọ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tó, ó wà. Ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó dé pẹ̀lú èkúté ló tó pòórá.

Mi ò wẹ ọdẹ mọ́ o. Nígbà tí Soviet Union túká ní 1991 tí ebi wọ Kúbà, èèyàn wọ igbó lọ wá ẹran, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi kì í bi hutía pé conga ni ọ́ ni àbí carabalí. Carabalí kò lè fara da irú rẹ̀ bíi ti conga, igbó ńlá ni ẹran orí igi ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọdẹ kò sì ju pé kí wọ́n rí ẹran mìíràn pa lọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì, wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin ọ̀yà nínú ilé bí ẹni ń sin ehoro, ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Ṣakí kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀yà tí kò sá fún ajá rí kò lè dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ń rà á.

Ti Bàhámà ni kò jẹ́ kí n sọ̀rètí nù pátápátá. Wọ́n ti rò pé hutía ibẹ̀ ti kú tán, àfi ní 1966 tí Garrett Clough dé East Plana Cay tó bá wọn níbẹ̀. Ní 1973 wọ́n kó mọ́kànlá nínú wọn lọ sí erékùṣù mìíràn, Little Wax Cay, kó má ba à jẹ́ pé ojú kan ni gbogbo wọn wà. Wọ́n tún kó wọn dé Warderick Wells lẹ́yìn náà. Wọ́n bí síi títí wọ́n fi ń jẹ igi ibẹ̀ run, tí àwọn olùtọ́jú ọgbà fi ń ráhùn pé wọ́n ti pọ̀ jù. Irú ìráhùn tó wù mí kí n gbọ́ láti San Felipe nìyẹn.

Kí ni wọ́n á ṣe sí èkúté? Májèlé ni gbogbo ayé ń lò láti lé èkúté kúrò ní erékùṣù, ó sì ti ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n eku ni hutía náà. Ohun tó pa èkúté á pa á. Ibi kan wà tí wọ́n ti bá irú ìṣòro yìí pàdé: Anacapa, ní etíkun California. Eku ìbílẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ láàárín èkúté ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn eku ìbílẹ̀ náà láàyè, wọ́n kó wọn sínú ilé ẹran, wọ́n da májèlé sí erékùṣù ní 2001 àti 2002, wọ́n dúró títí májèlé fi kúrò nílẹ̀, wọ́n sì dá wọn padà. Èkúté tán. Eku ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Ṣíṣe irú rẹ̀ ní etíkun Kúbà gba kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣẹ́kù àti ibi tó wà. Ó gba ọkọ̀ ojú omi, ó gba epo, bẹ́ẹ̀ epo ti di góòlù ní Kúbà. Ó gba pàkúté tí kì í ṣẹ́ ẹsẹ̀, kámẹ́rà tí omi iyọ̀ kò ní bà jẹ́, àti àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tó fẹ́ máa sùn láàárín ẹ̀fọn. Àwọn onímọ̀ ẹranko wà ní Kúbà, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn, ìwé wọn ni mo kà tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Owó ni kò sí. Mo wá rò ó pé bí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tà ní Miami, New York àti New Jersey bá yọ sẹ́ńtì mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ Ẹlẹ́gbára ni á gba àwọn hutía tí Ẹlẹ́gbára kò jẹ rí là.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá oníṣọ́ọ̀bù lọ. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ń ka owó lọ́wọ́ bó ṣe ń gbọ́. Ó ní òun á yọ ogún sẹ́ńtì, kì í ṣe mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ṣòfin pé ká má fi owó ránṣẹ́ sí Kúbà bó ṣe wù wá sọ̀rọ̀ ná, kí n wá padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán mi.